Bí Párísì Yín Bá Ń Lọ sí Lourdes: Ohun tí Omi Ibẹ̀ Jẹ́, Ohun tí Kì í Ṣe, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Iṣẹ́ Ìyanu

Bí wọ́n bá ti kéde lẹ́yìn Mísà pé párísì, ìyẹn ìjọ Àgùdà àdúgbò, ń ṣètò ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà á fi kárí àdúgbò. Ẹni tó ń lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó, ẹni tí kò lè lọ á sì gbé ike wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bu omi ibẹ̀ bọ̀." Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí omi náà bá délé tán, ẹnìkan á máa fi wọ́n ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ọjà lè yá, ẹlòmíràn á pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí pé ó ń mu ún ní òròòwúrọ̀, ẹlòmíràn á sì gbé e tọ Fádà lọ pé kí wọ́n dà á mọ́ omi mímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó lè "lágbára sí i". Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó là á yé wọn ni, ó sì yẹ kí á là á yé wọn kí wọ́n tó wọ bàálù.

Omi náà gan-an

Nínú Ìjọ Àgùdà, omi mímọ́ ni omi tí àlùfáà tàbí díákónì gbàdúrà ìbùkún lé lórí, irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń tọwọ́ bọ̀ kí á tó ṣe àmì àgbélébùú. Omi Lourdes kì í ṣe ìyẹn. Omi ìsun ni, ó ń ti inú àpáta jáde, wọ́n sì fi páìpù gbé e lọ síbi tí àwọn ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àpáta Massabielle. Kò sí àlùfáà tó bù kún un kí ó tó jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kó di omi mímọ́, ẹ gbé e fún Fádà kí wọ́n bù kún un bí wọ́n ṣe ń bù kún omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ, kò sì ní lágbára ju ìyẹn lọ.

Ibi tí ó ti wá nìyí. Ní ọdún 1858, Bernadette Soubirous, ọmọbìnrin kan ní Lourdes, jẹ́ ọmọ ọdún 14. Bàbá rẹ̀ ti ń lo ọlọ omi rí, àmọ́ gbèsè lé wọn kúrò níbẹ̀, gbogbo ẹbí wá ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n ìlú tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ó bá àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn kan lọ ṣẹ́gi létí odò Gave, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun nínú ihò àpáta, ẹni tí Ìjọ gbà pé Màríà Wúndíá ni. Ìgbà 18 ló rí i títí di ọjọ́ 16 oṣù Keje. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, Obìnrin náà ní kó lọ mu omi nínú ìsun kó sì wẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìsun kankan tí ojú rí, ẹrọ̀fọ̀ ló wà nílẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ wa ilẹ̀, ó bu omi ẹlẹ́rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dà á nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kẹrin ló tó lè gbé e mì. Ẹrẹ̀ kún ojú rẹ̀, àwọn tó dúró ń wò ó sì sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò pẹ́ tí omi ibẹ̀ fi mọ́ gaara.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Filhol, onímọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Toulouse, yẹ omi náà wò fínnífínní. Kò rí èròjà kankan níbẹ̀ tó lè wo àrùn. Omi lásán ni, omi tútù, nǹkan bí ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọ kò bá a jiyàn, Ìjọ kò sì fi ìyẹn pamọ́. Ohun tí Ìjọ ń sọ ni pé àmì ni omi náà: ó ń rán wa létí omi ìrìbọmi, ó ń pe ẹni tó bá fi fọ ojú pé kó wẹ ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Àdúrà àti ìgbàgbọ́ ni Bernadette fúnra rẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ bí wọ́n bá bi í nípa omi yẹn. Ọmọ tó sì wa ìsun náà jáde, ikọ́ fée kò fi í sílẹ̀, àrùn egungun tún mú un ní orúnkún, ó sì kú ní ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Nevers ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1879, ní ẹni ọdún 35. Ìjọ pè é ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1933. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún aláìsàn pé torí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré ni ara rẹ̀ kò ṣe yá, kó kọ́kọ́ ro ti Bernadette.

Nítorí náà: ẹ mu ún, ẹ fi fọ ojú, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì máa lo oògùn yín bí dókítà ṣe kọ ọ́. Bí omi náà bá pẹ́ nínú ike títí tó fi di aláwọ̀ ewé, omi tó ti bàjẹ́ ni, ẹ má fún ọmọdé mu. Ẹ dà á sídìí igi tàbí sórí ilẹ̀ mímọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í ta omi ní ojúbọ náà. Owó tí ẹ bá san nínú ṣọ́ọ̀bù ìgboro, owó ike ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta "omi Lourdes" fún yín ní Èkó tàbí ní London ní iye gọbọi, ohun tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà.

Kí ni ẹ̀ ń lọ ṣe níbẹ̀ ná?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1858, Obìnrin náà rán Bernadette sí àwọn àlùfáà: kí àwọn ènìyàn máa wọ́de wá síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé àdúrà kan. Gbólóhùn yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìrìn-àjò ẹgbẹ́ tí párísì ń ṣe títí dòní. Àwọn ènìyàn tó ń bọ̀ pa pọ̀, pẹ̀lú àlùfáà wọn, ni iṣẹ́ náà dá lé lórí, àwọn aláìsàn ló sì máa ń wà níwájú.

Àkókò tí èrò máa ń pọ̀ ni láti Àjíǹde títí dé ìparí oṣù Kẹwàá. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́, ìyẹn Ara Olúwa, wọ́de, àlùfáà á sì fi bù kún àwọn aláìsàn níkọ̀ọ̀kan. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìwọ́de àbẹ́là bẹ̀rẹ̀: Ròsárì ní èdè oríṣiríṣi, tí gbogbo ènìyàn á sì gbé àbẹ́là sókè bí wọ́n bá kọrin dé ibi "Ave". Ẹ ra àbẹ́là tó ní bébà yí ká, kí afẹ́fẹ́ má baà pa á, kí ó má sì kán sí ẹni iwájú lára. Mísà gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń wà ní ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́rú ní aago 9:30 òwúrọ̀, nínú Bàsílíkà Pius Kẹwàá Mímọ́ tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 1958.

Nídìí ihò àpáta náà, ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ Yorùbá fẹ́ràn láti kọrin kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́, orin wa dùn, kò sì sẹ́ni tó ní ká má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi Mísà tí olórí ẹgbẹ́ bá gba àyè fún nínú ọ̀kan lára àwọn ṣápẹ́ẹ̀lì ni kí á kọ ọ́. Nídìí àpáta, àwọn tó wá látòkè òkun pẹ̀lú àrùn jẹjẹrẹ lára jókòó tì yín. Ẹ tò, ẹ fọwọ́ kan àpáta, ẹ wo ìsun náà lábẹ́ gíláàsì, kí ẹ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibi tí wọ́n ń tan àbẹ́là sí yàtọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ àpáta.

Ibi ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Láyé àtijọ́, wọ́n á rì ọ́ bọ inú omi pátápátá, àwọn olùyọ̀ǹda-ara á sì dì ọ́ mú. Láti ìgbà àrùn kòrónà, ohun tí ọ̀pọ̀ èrò ń ṣe ni pé olùyọ̀ǹda-ara á da omi sí ọ lọ́wọ́ méjèèjì láti inú jọ́ọ̀gì: o fọ ọwọ́, o fọ ojú, o fi àtẹ́lẹwọ́ mu díẹ̀, o gbàdúrà. Obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Kò dín ní nǹkankan, torí pé mímu àti fífọ ojú gan-an ni Bernadette ṣe.

Ọ̀nà Àgbélébùú orí òkè jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan àtààbọ̀, ó ga, òkúta sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn màmá tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá gùn ún kí wọ́n lè sọ pé àwọn náà gùn ún. Omíràn wà nísàlẹ̀ ní ilẹ̀ títẹ́jú fún àwọn aláìsàn, àdúrà kan náà sì ni.

Ìtòróró kì í ṣe ti gbogbo èrò

Èyí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí Fádà bá gbé òróró mímọ́ jáde, gbogbo ẹgbẹ́ á tò, títí kan ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le koko. Ìtòróró sí àwọn aláìsàn jẹ́ Sákírámẹ́ǹtì, ó sì wà fún ẹni tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó ti mú wá sí ibi ewu: ẹni tó ní àrùn tó le, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, bàbá tàbí màmá àgbàlagbà tí agbára rẹ̀ ti ń lọ. Bí àìsàn kan náà bá tún le sí i, wọ́n lè tún un ṣe. Ìbùkún Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́ níbi ìwọ́de ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ènìyàn lè gbà. Olórí ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti kọ orúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n ta òróró sí lára sílẹ̀ pẹ̀lú Fádà kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé.

Báwo ni Ìjọ ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni?

Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti wá sọ ní Lourdes pé ara àwọn yá, tí àkọsílẹ̀ wọn sì lé ní 7,000, àwọn tí Ìjọ kéde pé iṣẹ́ ìyanu ni láti ọdún 1858 kò ju 72 lọ. Èyí kò sọ pé àwọn tó kù parọ́. Ó kàn ń fi hàn bí asẹ́ náà ṣe kúnná tó.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá á lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà tó wà nínú ojúbọ náà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1883. Dókítà èyíkéyìí tó bá wà ní Lourdes lákòókò yẹn lè bá wọn yẹ ọ̀ràn náà wò, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn tàbí ẹni tí kò gbàgbọ́. Ìwé ilé ìwòsàn tó ti wà ṣáájú ìwòsàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jákulẹ̀: ẹ̀rí ẹnu pọ̀, ìwé kò sí. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni èyí tí Prospero Lambertini, tó di Póòpù Benedict Kẹrìnlá, kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: kí àrùn náà le, kí ìwòsàn rẹ̀ ṣòro, kó má jẹ́ èyí tó ti fẹ́ lọ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ oògùn ló wò ó, kí ìwòsàn náà dé lójijì, kó pé, kó sì tọ́jọ́. Nítorí "kó tọ́jọ́" yìí, ọdún á kọjá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ á dìbò. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe "iṣẹ́ ìyanu ni". Gbólóhùn wọn ni pé ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò lè ṣàlàyé ìwòsàn náà. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú tí ẹni náà ti wá nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ ìyanu" kún un, ó sì lè má fi kún un.

Ẹ wo ti Sister Bernadette Moriau, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Faransé. Ó lé ní 40 ọdún tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dà á láàmú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, mọ́fíìnì ló fi ń fara da ìrora. Ó bá ẹgbẹ́ dáyósíìsì rẹ̀ lọ sí Lourdes ní oṣù Keje ọdún 2008. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó padà sílé, ní ọjọ́ 11 oṣù náà, bó ṣe ń gbàdúrà nínú ṣápẹ́ẹ̀lì, ara rẹ̀ móoru, ó bọ́ gbogbo ohun tí wọ́n fi di ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rìn. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2018 ni Bíṣọ́ọ̀bù Beauvais kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkàádọ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Ti John Traynor, ọmọ ogun ará Liverpool tí ìbọn bà jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ara rẹ̀ yá ní ọdún 1923 nígbà tó bá ẹgbẹ́ dáyósíìsì Liverpool lọ, ó padà sílé lọ ń gbé àpò èédú, ó sì kú ní ọdún 1943. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Àrkíbíṣọ́ọ̀bù Liverpool tó kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkọkànléláàádọ́rin.

Nítorí náà, bí ara ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín bá fúyẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, kó sì padà lọ rí dókítà rẹ̀. Ẹ má gun orí pẹpẹ lọ kéde "iṣẹ́ ìyanu" ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ délé. Kódà ìṣípayá Lourdes fúnra rẹ̀ kò sí lára ohun tí Àgùdà gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè rí ìgbàlà. Ìjọ wádìí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, Bíṣọ́ọ̀bù Tarbes sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1862 pé ó yẹ ní gbígbàgbọ́.

Indulgence

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ń mú ìdáríjì wá, indulgence kì í ṣe ìdáríjì. Ọmọ tó fi òkúta fọ́ fèrèsé aládùúgbò, bí wọ́n tilẹ̀ dárí jì í, fèrèsé ṣì wà ní fífọ́. Àtúnṣe tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn ìdáríjì, èyí tí a óò ṣe láyé tàbí ní Pọ́gátórì (ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú), ni indulgence ń bá wa mú kúrò. A lè gbà á fún ara wa tàbí fún òkú. A kò lè gbà á fún ẹlòmíràn tó wà láàyè, nítorí náà kí màmá má ṣe lérò pé òun ń gba ti ọmọ òun tó wà ní Houston.

Fún indulgence tó pé, ìyẹn èyí tó mú gbogbo àtúnṣe náà kúrò, ohun tí a ń béèrè ni ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbígba Ara Olúwa, àdúrà fún èrò ọkàn Póòpù (Bàbá Wa kan àti Mo Kí Ọ Màríà kan tó), àti ọkàn tí kò rọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Ìjẹ́wọ́ náà lè jẹ́ nǹkan bí 20 ọjọ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn, ìjẹ́wọ́ kan sì tó fún ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n Ara Olúwa kan ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan sì ni lóòjọ́. Ní ojúbọ tí aláṣẹ Ìjọ fọwọ́ sí, ẹni tó dá wá fúnra rẹ̀ lè gbà á ní ọjọ́ àjọ̀dún ibẹ̀ àti ní ọjọ́ kan tó bá yàn lọ́dún. Ẹni tó bá ẹgbẹ́ wá lè gbà á ní gbogbo ìgbà tó bá bá ẹgbẹ́ wá. Ẹ ka Bàbá Wa àti Mo Gbàgbọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ bí ẹ bá fẹ́ jẹ́wọ́ ní Yorùbá.

Ìwé, ẹrù àti owó

Ohun tó ń fọ́ ẹgbẹ́ jù ni físà. Ẹni tó ń gbé London tàbí Dublin tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, ìyẹn físà tí Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú. Ẹni tó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní pásípọ́ọ̀tù Bírítéènì kò nílò rẹ̀. Kí olórí ẹgbẹ́ wo pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan kó tó san owó àsansílẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. A lè béèrè físà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90. Ìwé ìdójútòfò ìlera fún ìrìn-àjò, ìyẹn inṣọ́ránsì, gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000, pásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò níbẹ̀. Fádà tó ń bá yín lọ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí àlùfáà láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání.

Oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, kì í ṣe nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Omi ló yẹ kó lọ sábẹ́ bàálù: ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ike tó bá ju mìlílítà 100 lọ kò ní kọjá níbi àyẹ̀wò, àwọn ènìyàn sì ti sunkún níbẹ̀. Lítà kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Ẹni tó bá gba ike lítà márùn-ún lọ́wọ́ ará ilé mẹ́rin ti fi 20 kìlógíráàmù lọ. Ike kékeré ni kí ẹ gbà, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá méjì dì í.

Ẹ ra Ròsárì àti ère kí Fádà tó bù kún wọn, torí pé indulgence tó so mọ́ ohun ìbùkún máa ń parẹ́ bí wọ́n bá tà á. Ẹni tó bá fẹ́ rà á wá fún àwọn ará Légíọ̀n Màríà, kó gba owó wọn ṣáájú.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ilé kọ, ẹ kó ìwé wọn jọ sínú àpò kan, ẹ má tú u wò, kí ẹ sì fi sílẹ̀ nídìí àpáta níbi tí wọ́n ṣètò fún un. Wọn kì í gbowó lórí ìyẹn. Owó Mísà yàtọ̀: bí ẹnìkan bá fẹ́ kí wọ́n rú Mísà fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, kí ó kọ orúkọ, kó fún Fádà lówó náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé Mísà kí ẹgbẹ́ tó gbéra.